Bébà kíká fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí ọmọ ò fi ní gbàgbé lọ́sẹ̀ kejì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin níbí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Ẹ ti gbé bébà wọ kíláàsì rí, ẹ ní káwọn ọmọ ká a, kí wọ́n gé e, kí wọ́n kùn ún, gbogbo kíláàsì ń ho bí ọjà, inú yín dùn inú àwọn náà dùn, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wákàtí kan ti lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ wá béèrè pé kí ni tanwíjí máa ń dà, ọmọ tí bébà tiẹ̀ rẹwà jù lọ ló wá ń wo òrùlé. Odidi ọdún méjì ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Kétu níbí, ó sì dùn mí gan-an, torí bébà náà wọ́n, àkókò náà wọ́n.

Ohun tí mo wá rí ni pé àwọn ọmọ ń wo ojú pátákó, wọ́n ń da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sínú bébà, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n orí ń sinmi. Ilẹ̀kùn bébà, ìyẹn apá bébà tá a ká tá a gé kó lè máa ṣí kó máa pa dé, gbọ́dọ̀ wà ní títì, kí ọmọ fa ìdáhùn yọ látinú orí ara ẹ̀, kó tó ṣí i wò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, torí kíyẹn lè ṣẹlẹ̀ ni. Mo ń lò ó fọ́mọ CM2 (kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) títí dé 5e (ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ girama).

Ohun tẹ́ ẹ nílò

Bébà kọ́kọ́. A4 dáa, àmọ́ ẹ má torí A4 dúró o. Kayé kékeré tí gbogbo ọmọ ní, 17 cm sí 22 cm ni, tẹ́ ẹ bá yọ bébà àárín ẹ̀ tó so pọ̀, ó di 34 cm sí 22 cm, ó tóbi ju A4 lọ, torí A4 ò ju 29,7 cm sí 21 cm. Àárín nìkan ni kẹ́ ẹ yọ, kẹ́ ẹ ṣí irin tó dè é dìde, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún irin náà tẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá fa ti ẹ̀gbẹ́ ya, ìdajì ẹ̀ tó wà lápá kejì kayé máa já bọ́, ẹ̀kọ́ tọ́mọ ti kọ síbẹ̀ á sì bá a lọ.

Kíréyọ̀n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bíìkì pupa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan (ẹ má fo èyí, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú), règle (rúlà) kan fọ́mọ méjì, àlùmọ́gàjí kan fọ́mọ mẹ́rin. Mi ò kì í jẹ́ kọ́mọ mú bíléèdì wọ kíláàsì mi, bó ti wù kó rí. Scotch, tàbí kóòlù, tàbí ògì tẹ́ ẹ sè kó ki dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa òkúta méjì wọlé, torí atẹ́gùn tó ń gba ihò ara ògiri kíláàsì wa wọlé, ṣe ló máa gbá gbogbo ẹ̀ lọ.

1. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń rìn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bébà

Ibí lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A ti mọ ọ̀nà ìkábébà kan, òun la fi ń kọ́ gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ò rìn bákan náà. Àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí èyí tó ṣáájú, bí ẹranko eléegun ẹ̀yìn márààrún: ẹja, àwọn bí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn bí alángbá, ẹyẹ, àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyẹn, ilẹ̀kùn márùn-ún lórí ìlà kan ti tó. Àwọn kan ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí wọn ò padà, bí oúnjẹ tá a jẹ. Àwọn kan sì ń yí po, bí ìgbésí ayé ẹfọn, bí omi tó ń gòkè láti ọ̀sà tó tún ń padà wá bí òjò. Mo ti rí ọmọ tó kọ́ ọ̀rọ̀ omi yìí lórí bébà gbọọrọ, òjò ló wà nípẹ̀kun bébà, ìyẹn ló ṣe ní òjò ló gbẹ̀yìn, pé ó parí síbẹ̀. Bébà yẹn gan-an ló kọ́ ọ ní irọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ sọ ẹ̀kọ́ náà ní gbólóhùn kan. Ṣé "wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ra" ni, àbí "ó ń lọ", àbí "ó ń lọ, ó ń bọ̀"? Tẹ́ ẹ ò bá tíì lè mú ọ̀kan, ẹ má ì ká bébà.

Apẹẹrẹ méjì ni mo máa mú: ẹfọn, tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ara, tó ń lọ ṣáá.

2. Ẹ ṣe tiyín nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ká a, pẹ̀lú irú bébà táwọn ọmọ máa lò gan-an. Ẹ wo aago. Bó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó máa gba àwọn ọmọ tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó parí.

3. Kíká ilẹ̀kùn mẹ́rin (ẹ̀kọ́ ẹfọn)

Ẹ gbé bébà sílẹ̀ ní ìbú, etí tó gùn wà lọ́dọ̀ yín. Etí gígùn ló máa pàdé etí gígùn. Ẹ tún un sọ, ẹ fi ọwọ́ hàn wọ́n, torí ìdajì kíláàsì ló máa pa etí kúkúrú pọ̀ tí bébà á wá rí bí ìwé kékeré. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ máa ní ohun tó gùn tó 29,7 cm, tó fẹ̀ tó 10,5 cm, bó bá jẹ́ A4. Ẹ fi èékánná tàbí ẹ̀yìn règle tẹ ojú ìká náà látòpin dópin.

Lẹ́yìn ìyẹn, etí kúkúrú bá etí kúkúrú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún ká a ní méjì sí i lọ́nà kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

Nígbà òjò bébà máa ń rọ̀, ojú ìká kì í dúró, kí wọ́n ká a síwájú kí wọ́n tún ká a sẹ́yìn lójú ìlà kan náà, ó máa mú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí wọ́n ka ihà tó wà lórí bébà, mẹ́jọ ni, mẹ́rin lókè mẹ́rin nísàlẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi 7,4 cm. Ọmọ tó bá ka mẹ́rin péré, kò ká a tó. Ẹ ní kó gbé e sókè kẹ́ ẹ rí i, ẹ má gba "bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́" lásán.

4. Gígé

Àṣìṣe ńlá tó wà níbí ni pé ọmọ á pa bébà dé, á wá gé àwẹ́ méjèèjì pọ̀, ilẹ̀kùn á sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí bébà wà ní ṣíṣí. Kí wọ́n fi kíréyọ̀n fa ìlà sójú ìká tó gba àárín gùn, kí wọ́n kọ "DÚRÓ" sórí ẹ̀ níbi mẹ́ta tí ìká mẹ́ta tó wà ní òró ti gé e kọjá. Kí wọ́n wá gé láti etí ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, lójú ìká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n dúró síbi DÚRÓ. Ìgé mẹ́ta, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Àwẹ́ òkè ò gbọdọ̀ ní ojú ọgbẹ́ kankan.

Bí àlùmọ́gàjí ò bá tó, kí wọ́n tẹ règle mọ́ ojú ìká, kí wọ́n rọra fa bébà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ règle. Ó ń ṣiṣẹ́, kò kàn lẹ́wà ni, ẹwà ò sì ṣe nǹkan kan fún wa níbí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí wọ́n pa á dé, kí ìká wà lókè, kí ilẹ̀kùn máa ṣí láti ìsàlẹ̀ sókè. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì nìkan. Bí ìkẹta bá bá a dìde, ìgé yẹn ò tíì dé àárín.

5. Kíkọ: ibí ni iṣẹ́ wà

Ẹ fara balẹ̀ níbí, kódà bó bá gba ìdajì wákàtí. Bí àkókò bá fẹ́ kù sílẹ̀, kùkùn àwọ̀ ni kẹ́ ẹ yọ, ẹ má yọ èyí.

Ìta ilẹ̀kùn: àwòrán kékeré, orúkọ ní Faransé bó ṣe wà nínú kayé SVT (ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì) wọn, torí Faransé ni wọ́n fi máa ṣèdánwò, àti ìbéèrè kan. Ìbéèrè o, kó má jẹ́ orúkọ nìkan. Bí ìta bá jẹ́ "larve" lásán, ọmọ á ṣí i láì ronú. Àwọn ìbéèrè tí èmi ń lò rèé:

Ilẹ̀kùn kìíní, œuf: ibo ni ẹfọn ń yé sí, ọjọ́ mélòó lẹyin fi ń pa?
Ilẹ̀kùn kejì, larve (tanwíjí): inú omi ló wà, báwo ló ṣe ń mí?
Ilẹ̀kùn kẹta, nymphe (ohun tí tanwíjí ń dà kó tó di ẹfọn tó ń fò): kí ló ń jẹ?
Ilẹ̀kùn kẹrin, adulte: èwo nínú akọ àti abo ló ń mu ẹ̀jẹ̀, kí ló fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà, kí bébà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọwọ́ gbogbo wọn ṣófo. Anọ́fẹ́lì, ẹfọn tó ń gbé ibà kiri, ojú omi ló ń yé sí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyin náà sì ń pa lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta níbi tó móoru bíi tiwa. Tanwíjí ń jẹ àwọn nǹkan wínníwínní inú omi, ó sì ń wá sójú omi láti mí. Tanwíjí anọ́fẹ́lì máa ń sùn gbalaja sábẹ́ ojú omi, ti ẹfọn mìíràn máa ń dorí kodò. Ẹ bu omi kòtò tó ní tanwíjí sínú ìgò, ẹ gbé e yí kíláàsì ká, kò sí ọmọ tó máa gbàgbé èyí. Nymphe, tó tẹ̀ kọdọrọ bíi vírgùlù, ń lúwẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n kì í jẹ nǹkan kan. Abo ẹfọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé, akọ ò ṣe ju omi dídùn inú òdòdó lọ. Láti ẹyin títí dé ẹfọn tó ń fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni.

Ẹ nu pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nù ún. Kayé wà ní pípadé. Kí ọmọ wá ṣí ilẹ̀kùn kìíní, kó fi kíréyọ̀n kọ ohun tó rántí síbẹ̀, ní èdè tó ń sọ nílé kọ́kọ́, Yorùbá Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀, ọmọ Ègùn tó wà ní Àjàṣẹ́ kó kọ ọ́ ní Ègùn, lẹ́yìn náà kó kọ gbólóhùn Faransé kan sábẹ́ ẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan máa ń bá mi jiyàn lórí èyí, wọ́n ní ká má mú èdè ilé wọ inú SVT. Mo gbọ́, àmọ́ ohun tí mo ń rí ni pé ọmọ tó lè sọ ọ́ lédè ìyá ẹ̀ ló ti yé, ẹni tó kàn rántí gbólóhùn Faransé lè má mọ ohun tó ń sọ rárá.

Bó bá ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ìgbà yẹn ló máa ṣí kayé, tó máa fi bíìkì pupa tún èyí tó ṣì ṣe, tó máa fi pupa kún èyí tó kù. Kò gbọdọ̀ fi rọ́bà pa ti kíréyọ̀n rẹ́. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ pa á rẹ́ torí wọ́n ò fẹ́ kí pupa pọ̀, ẹ sọ fún wọn pé pupa kì í ṣe máàkì, ẹ ò ní fún ẹnikẹ́ni ní òdo lórí ẹ̀. Pupa yẹn ló ń sọ fọ́mọ ibi tó máa kà lálẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ rìn láàárín wọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́wàá láti ọwọ́ ọmọ mẹ́wàá. Bẹ́ ò bá rí pupa kankan, ẹnì kan ti wo kayé, tàbí ẹ̀kọ́ yẹn ti rọrùn jù. Bí ilẹ̀kùn kan náà bá pupa lọ́wọ́ gbogbo wọn, tiyín ni, ẹ tún ibẹ̀ kọ́.

6. Ẹ sọ ọ́ di àpótí, kó lè yí po

Bébà wà nílẹ̀ gbọọrọ báyìí, ẹyin lápá òsì, ẹfọn àgbà lápá ọ̀tún. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣe àṣìṣe tí mo sọ nípa òjò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn lójú ìká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ilẹ̀kùn wà níta, kẹ́ ẹ fi scotch so ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kẹrin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkíní. Ara ẹ̀yìn lẹ máa so o, bí scotch bá mú ilẹ̀kùn, kò ní ṣí mọ́. Ó máa dúró lórí tábìlì bí ilé kékeré onígun mẹ́rin. Kí ọmọ máa yí i: ẹyin, tanwíjí, nymphe, ẹfọn, ẹyin. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ kò sí òpin.

Ẹ wá bi wọ́n pé: bí ẹ bá fẹ́ kí ẹfọn dínkù ládùúgbò yín, ẹ̀gbẹ́ wo nínú ilé yìí lẹ máa wó? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Bí wọ́n bá dí kòtò omi òjò, mélòó nínú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ? Mẹ́ta. Èmi fẹ́ràn ibi tójú ọmọ ti ń là yìí ju gbogbo ẹ̀kọ́ náà lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àpótí dúró fúnra ẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ ó wọ inú kayé, ẹ gbé e dìde ó tún dúró.

7. Ìwé àtẹ̀gùn (ọ̀nà oúnjẹ)

Bébà mẹ́ta fún ìwé kan. Kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, ìyẹn 180 bébà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta rámù, ìyẹn ìdì bébà 500. Bó bá pọ̀ jù, kọ́mọ méjì jọ ṣe ẹyọ kan, ó di 90.

Bébà wà ní òró báyìí. Ẹ gbé ìkíní sílẹ̀, ẹ gbé ìkejì lé e, kó gòkè ju ìkíní lọ ní 2 cm, ẹ gbé ìkẹta lé e, kóun náà gòkè ju ìkejì lọ ní 2 cm. Ẹ wọ̀n ọ́n ní règle, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ di gbogbo ẹ̀ mú lókè, ẹ ká a wálẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, kí etí òkè bébà tó wà lójú pátápátá wá dúró ní 2 cm sókè etí ìsàlẹ̀ tirẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn yòókù máa tò fúnra wọn. Ẹ tẹ ojú ìká dáadáa, ẹ fi àgíráàfù méjì (irin kékeré tí wọ́n fi ń kan bébà pọ̀) kàn án níbẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ àti òwú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìpele mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ hàn, èyí tó bò wọ́n lójú ga tó bíi 10 cm, márùn-ún tó kù yọ ní 2 cm, 2 cm. Bí méjì bá lé ara wọn, kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un ká kẹ́ ẹ tó kàn án, torí lẹ́yìn àgíráàfù ó ti bọ́.

Orúkọ ẹ̀kọ́ lójú ìwé, lẹ́yìn náà láti òkè wálẹ̀: bouche, œsophage, estomac, intestin grêle, gros intestin. Ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, àpòlúkù, ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, ìfun ńlá. Ìdáhùn ẹnu máa wà lókè ọ̀rọ̀ "bouche", lójú bébà kan náà, níbi tí bébà òkè ẹ̀ bò. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ṣí, gbogbo ẹ̀ á wá dorí kodò.

Bẹ́ ẹ ti kọ́ wọn tí wọ́n sì kọ ọ́ ní ti ẹfọn náà lẹ máa ṣe níbí, n ò ní tún un sọ. Ibi méjì ló ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀. Wọ́n máa fẹ́ fún ẹ̀dọ̀ ní ìpele tiẹ̀. Oúnjẹ ò gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, omi òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń dà sínú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ojú ewé ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n yà á sí, pẹ̀lú ọfà tó wọlé. Ìkejì, wọ́n máa rò pé ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló kúrú torí wọ́n pe èkejì ní ńlá. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ àgbàlagbà gùn tó bíi 6 m, ìfun ńlá ò ju bíi 1,5 m lọ, fífẹ̀ ló fi jù ú. Ẹ wọn okùn 6 m, ẹ ní kọ́mọ méjì fà á kọjá kíláàsì, kọ́mọ méjì mìíràn di 1,5 m mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n tó kọ nǹkan kan.

Fún ẹnu, ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ díẹ̀ tàbí búrẹ́dì, kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan gbáko láì gbé e mì. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí dùn díẹ̀díẹ̀, torí itọ́ ti ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ohun tí wọ́n bá tọ́ wò ni wọ́n máa kọ síbi ìdáhùn ẹnu yẹn, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ pè fún wọn.

8. Lílò ó lẹ́yìn náà

Bébà tó wọ inú kayé tí kò jáde mọ́, òfo ni. Ọjọ́ kẹta, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì: ọmọ méjì dojú kọra wọn, ọ̀kan mú àpótí, ó ka ìbéèrè ìta, èkejì dáhùn, ìgbà tó bá dáhùn tán ni ilẹ̀kùn máa ṣí. Bó bá gbà á, kí wọ́n fa ìlà kékeré kan sínú ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe lóṣù kan. Ilẹ̀kùn tó bá ti ní ìlà mẹ́ta, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣe àwọn tí ò tíì ní.

Àwọn ọmọ á máa ṣí i yojú wò kí wọ́n tó dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń béèrè ló ń di bébà mú, kì í ṣe ẹni tó ń dáhùn.

Bó bá jẹ́ ògì lẹ fi lẹ ẹ́, ẹ má kó o pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì nígbà ìsinmi, aáyán máa jẹ ẹ́ tán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ lọ sílé. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fún ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ní àpótí náà mú, kóun béèrè, kódà bí ìyá ò bá lè ka Faransé ìta, àwòrán wà níbẹ̀, èdè ilé sì wà nínú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lóṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ pín bébà òfìfo, ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé ẹfọn látorí, láì sí àpótí níwájú wọn. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n fa ọfà láti ẹfọn àgbà padà sí ẹyin.